Eruku Orí Mọ́tò Ọba
Ọba Òkè-Ìrókò ra mọ́tò dúdú kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì kìlọ̀ fún Abẹ́gúndé, awakọ̀ rẹ̀, láàárín ọyẹ́ pé, "Bí eruku bá fi lè bà lé e pẹ́nrẹ́n, ìwọ àti ìyàwó rẹ ẹ ó kúrò nílùú mi." Abẹ́gúndé fọ̀ ọ́, ó nù ún, síbẹ̀ kí òun àti Ọba tó ti òde dé, eruku ti bò ó. Ọba figbe ta. Abẹ́gúndé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ta ló ni ilẹ̀ ìlú yìí?" "Èmi ni!" "Eruku rẹ̀ ńkọ́?" "Tèmi ni gbogbo ẹ̀!" "Háà! Eruku Kábíyèsí ló gun mọ́tò Kábíyèsí. Ta ni mí tí n ó fi ní kó sọ̀kalẹ̀?" Ọba wo eruku, ó wo mọ́tò, ó wo àwọn ìjòyè, kò mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí mọ́. Nígbà tó yá, ó rọra ní, "Ẹ wá aṣọ tí a ó fi máa bò ó."