Kọ̀ǹkọ̀ Fi Ohùn Rẹ̀ Pamọ́ sínú Kèrègbè

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín ohùn mi, ẹ̀yin ọmọ. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò.

Ohùn Kọ̀ǹkọ̀ burú jù báyìí lọ. Nígbà tó ń lọ tọrọ Àkèré láti fi ṣaya, ó ki ohùn náà sínú kèrègbè, ó dé e pa, ó gbé e kọ́ èjìká.

Bàbá Àkèré bi í pé, "Ṣé àlàáfíà lo dé?"

Kò sí ohùn, Kọ̀ǹkọ̀ kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ìwọ lo ń da omi wa rú?"

Ó tún mi orí.

"Ṣé o ti níyàwó nílé?"

Ó mi orí.

"Dìde, máa lọ."

Àkèré gbọ́ ohun tó ń kùn nínú kèrègbè, ó ṣí i. Ohùn bẹ́ jáde. Ẹ gbè é:

Kọ̀ǹkọ̀ ló ni mí o,
Kọ̀n kọ̀n kọ̀n.
Ojú mi ló ń tì í o,
Kọ̀n kọ̀n kọ̀n.
Kò níyàwó kankan rí,
Kọ̀n kọ̀n kọ̀n.

Bàbá ní, "Ohùn yìí mà burú o. Ṣùgbọ́n òun ló sọ òótọ́. Ìwọ àti ohùn rẹ, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé."

Kọ̀ǹkọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì, kò yọ ọ́ mọ́.

Èmi tí mò ń ya ẹnu lásán láàárín akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí n lé orin yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ohùn mi dùn lọ́la.