Bí Ojú Alágẹmọ Méjèèjì Ṣe Pínyà Nídìí Ọpọ́n Ayò

Nígbà láéláé, nígbà tí ojú Alágẹmọ méjèèjì ṣì máa ń wo ibì kan ṣoṣo bí ojú tèmi tìrẹ, ẹ̀ẹ̀rùn kan dé tó mú gan-an. Gbogbo odò gbẹ. Adágún kékeré kan ló kù nínú igbó.

Àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí omi. Alágbára á ti ẹni tí kò lágbára ṣubú, á bu tirẹ̀, á sì lọ. Nígbà tó bá máa fi kan ìyá Alágẹmọ, tó ti darúgbó, ẹrẹ̀ ló máa ń kù. Ó ń fi ẹrẹ̀ náà pa ahọ́n, ó sì ń wúkọ́.

Bàbá Ẹfọ̀n, àgbà igbó, pè wọ́n jọ.

Ó ní, "Ẹ ó pa ara yín tán báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi ayò parí ẹ̀. Ẹni tó bá pa gbogbo ará igbó láyò ni yóò máa pín omi títí òjò yóò fi rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òòrẹ̀ nínú, nítorí ọ̀ta ayò paraku ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá bá ara wọn ta, ọ̀mì ni. Wọn a ta, wọn a tún ta, ọ̀mì náà ni. Nítorí náà, ìjà omi kò tán.

Alágẹmọ náà mọ ayò díẹ̀. Ó lọ jókòó ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ta á! Ta á! Ṣé o ń sùn ni? Òpè!"

Ara Alágẹmọ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń kánjú ta, ó ń ṣì í ta. Kó tó mọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ ọmọ ayò rẹ̀ tán.

"Ìkánjú ló pa mí," ni Alágẹmọ wí. "N ó fara balẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Òòrẹ̀, ó sì fara balẹ̀. Òòrẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ńṣe ló ń kó ọmọ ayò jọ sójú ilé kan, díẹ̀díẹ̀, títí ilé náà fi di odù. Lẹ́yìn náà ló kó odù náà, ó tà á yí ọpọ́n ká, ó sì jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn ẹranko fi Alágẹmọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú kò bí i. Ẹnu ló yà á.

"Ìyá mi," ni ó wí nígbà tó délé, "ayò kan náà ni, ọpọ́n kan náà ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìkánjú ló pa mí lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ìfarabalẹ̀ ló tún pa mí lọ́wọ́ Òòrẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láàárín ikọ́. "Ọmọ mi, ọpọ́n lo ń wò. O ò wo ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀."

Láti àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Alágẹmọ gun ẹ̀ka igi tó wà lókè ọpọ́n wọn, ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń pariwo, ẹ̀rù ló ń bà á. Ilé rẹ̀ lójú ọpọ́n ti ṣófo. Bí ọ̀nà bá là fún un ní tòótọ́, ńṣe ló máa ń dákẹ́, tí ìrù rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Òòrẹ̀ ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ odù rẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ á rọra nà.

"Ṣé ẹ ò rí nǹkan!" ni Alágẹmọ ń sọ fún ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Adágún náà kò fẹ̀ tó ẹní kan mọ́. Alágẹmọ tọ Bàbá Ẹfọ̀n lọ.

"Bàbá, mo fẹ́ tún bá wọn ta."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Òùngbẹ ń gbẹ wá! Kó bá àwa méjèèjì ta lẹ́ẹ̀kan náà, ká yé fi àkókò ṣòfò!"

Alágẹmọ rántí ikọ́ ìyá rẹ̀. "Mo gbà," ni ó wí.

Wọ́n tẹ́ ọpọ́n kan sọ́tùn-ún rẹ̀ fún Òòrẹ̀, wọ́n tẹ́ òmíràn sósì fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wá sábẹ́ ibòji kó lè máa wò ó. Bí ó bá wo Ọ̀kẹ́rẹ́, Òòrẹ̀ á kó odù jọ. Bí ó bá yí sí Òòrẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ á jẹ ẹ́. Ó wá ń fa ojú ọ̀tún sọ́tùn-ún, ó ń fa ojú òsì sósì. Ó dùn ún wọra.

"Rọra o, ọmọ mi!" ni ìyá rẹ̀ ké. "Ojú kì í ṣe okùn tí wọ́n ń fà!"

"Ẹ jẹ́ n rí wọn ná, ìyá mi!"

Ó tún fà á. Nǹkan kan ṣe kẹ́ẹ́ ní àárín ojú rẹ̀, ojú méjèèjì sì pínyà. Ó wá rí àwọn méjèèjì kedere.

"Òpè! Mo ti pa ọ́ tán!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń pariwo lósì. Alágẹmọ rí ìrù rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kò sì kánjú. Ó jẹ́ kó máa sáré jẹ wẹ́wẹ́ títí kò fi sí nǹkan kan tó máa fi dáàbò bo ilé rẹ̀. Lọ́tùn-ún, bí ẹ̀gún Òòrẹ̀ bá ti nà báyìí, Alágẹmọ á halẹ̀ mọ́ odù rẹ̀, Òòrẹ̀ á sì tà á kí ó tó gbó.

Ó jẹ lósì. Ó jẹ lọ́tùn-ún, ó sì pa àwọn méjèèjì. Òòrẹ̀ la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ nídìí ayò.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n."

Bí Alágẹmọ ṣe di apínmi nìyẹn. Àwọn arúgbó àti àwọn abiyamọ ló kọ́kọ́ fún lómi, àwọn alágbára sì gba tiwọn lẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òòrẹ̀ náà mu.

Ó fi ewé gbé omi lọ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú méjèèjì wò ó bó ṣe ń mu ún, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló gbà. Èkejì ń wo ojú ọ̀run kiri. Ó gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Má sunkún. Èyí tó ń wò mí yìí tó mi."

Láti ọjọ́ náà ni ojú Alágẹmọ ti ń wo ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kì í pàdé àfi bí eṣinṣin tó fẹ́ jẹ bá bà síwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó tún fi ń mì síwá-sẹ́yìn kó tó gbẹ́sẹ̀: ojú kan ń wo ibi tó ń lọ, èkejì ń wo ibi tó ti ń bọ̀, ó sì ní láti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.