Bulọ́ọ̀kù Ẹ́ńjìnnì Tí Ọmọ Iṣẹ́ Kò Yẹ̀ Wò

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Bí o bá gbé bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àlòkù, irin ńlá tí písítìn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà jẹ́ àna rẹ̀ ni ọ́, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Á fi kẹrosíìnì pa á láti òkè délẹ̀, á nù ún gbẹ, á wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Lẹ́yìn náà, á jókòó tì í. Bí irin náà bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó ti wọ ibẹ̀ á rọra yọ jáde, á sì fa ìlà dúdú sára ṣọ́ọ̀kì. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ kì í fẹ́ rí i rárá. Wọ́n ní ó le jù, wọ́n ní irin kì í ṣe ìyàwó tí ènìyàn ń wádìí ìdílé rẹ̀.

Awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ akérò rẹ̀ wá bá a. Ẹ́ńjìnnì ti kú pátápátá, ó sì fẹ́ kí ó bá òun wá bulọ́ọ̀kù àlòkù kan tó dára, kí ó tún ẹ́ńjìnnì mìíràn tò sórí rẹ̀. Ọkọ̀ yìí ni ó fi ń kó àwọn àgbẹ̀ gun òkè lọ sóko lárààárọ̀, òun náà ló sì fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ó ní, "Mẹkáníìkì, ẹ̀mí èèyàn ni mo ń gbé gun òkè yẹn o." Mẹkáníìkì ní kí ó lọ fọkàn balẹ̀.

Kò pẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ pè é, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún odidi ọdún méje. Bàbá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa, ó sì ku bulọ́ọ̀kù kan tó fẹ́ tà, irú èyí tí awakọ̀ ń wá gan-an. Ó bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, irin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó wá ní, "Irin náà rèé. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí o tó gbé e."

Gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní ta ni òun, tí òun yóò máa fi ṣọ́ọ̀kì kun ohun tó jáde lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì lé òun lọ́wọ́? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì pé kí ó wò ó. Ó kà á sí ìrẹ̀lẹ̀ àgbà lásán, inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn pé òun mọ ọmọlúàbí í ṣe. Ó sanwó, ó gbé irin sẹ́yìn ọkọ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó tún ẹ́ńjìnnì tò, ó sì dún dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ń gun òkè pẹ̀lú àgbẹ̀ mọ́kànlá nínú rẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì bá gan lójijì. Bíréèkì, tí ẹ́ńjìnnì ń fún lágbára, kò gbọ́ràn mọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn, kòtò ńlá sì ń bẹ nísàlẹ̀. Awakọ̀ yí ọkọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ lu àpáta kí ọkọ̀ lè dúró. Ọkọ̀ dúró lóòótọ́, ara àwọn àgbẹ̀ kàn bó díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣẹ́ níbi méjì.

Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti funfun, ó ki bí ògì, nítorí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti wọ inú rẹ̀. Ó fọ irin náà, ó fi kẹrosíìnì pa á, ó nù ún, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Kò tíì jókòó tí ìlà dúdú fi yọ láàárín ihò písítìn kejì àti ìkẹta, ó gùn tó ìka ọwọ́. Ọ̀gá òun! Ọ̀gá tó mọ irin ju bó ṣe mọ ọmọ inú rẹ̀ lọ, òun ló gbé irin tó ti sán fún òun!

Ó gbé irin náà tòun ti ṣọ́ọ̀kì lára rẹ̀, ó di ilé bàbá. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé e kalẹ̀ gbì síwájú bàbá nínú oòrùn ọ̀sán, ó ní, "Ẹ wo ohun tí ẹ tà fún mi. Ẹ wo ìlà yẹn."

Bàbá na ọwọ́. Ọwọ́ náà kọ́kọ́ kan afẹ́fẹ́ kí ó tó kan irin. Ó ń fi ìka wá ìlà náà ní òdì kejì, níbi tí kò sí rárá, ó sì ń pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́ bí ó ti ń wá a. Mẹkáníìkì wo ojú bàbá. Ojú náà là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ohunkóhun.

"Ó di ọdún kejì báyìí," bàbá wí. "Òjìji nìkan ni mo ń rí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ ta irin yìí, mo ro gbogbo ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, mo ní ta ni kò ní gbé e sínú ọkọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ rẹ nìkan ló wá sí mi lọ́kàn."

Ó rò pé òun ń bọ̀wọ̀ fún bàbá, àṣé ńṣe ni òun fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ fún bàbá, ó sunkún bí ọmọdé. Bàbá ní kí ó dìde, kí ó fa òun lọ́wọ́, kí àwọn lọ bẹ awakọ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n lọ, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Awakọ̀ kò bú wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi wọ́n: "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló yẹ kí ó bá mi wò ó?"

Akọ̀wé wa, ìdí tí èmi àgbà ìlú fi ní kí o jókòó gbọ́ ìtàn yìí nìyẹn. Lánàá, alága ìgbìmọ̀ ìlú gbé ìwé ilẹ̀ ìlú fún ọ, ó ní kí o kà á, o sì buwọ́ lù ú láìkà á. O ní àgbà bíi tirẹ̀ kì í parọ́. Èmi náà mọ̀ pé kì í parọ́. Bàbá onírin yẹn ha parọ́ bí? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ìwọ tí ọwọ́ rẹ wọ kèrègbè bá ká ọwọ́ gbera nítorí ìtìjú, ta ni yóò bá ìlú wo inú rẹ̀? Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé alága ṣì ń rí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú ìwé yẹn? Dìde, lọ gba ìwé náà padà lónìí. Jókòó ti alága, kí o kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ó bá bínú, sọ pé èmi ni mo rán ọ.