Okùn Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ọgbà màlúù kan lẹ́bàá Ṣakí, okùn jíjù ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí dókítà ẹran bá fẹ́ gún akọ màlúù lábẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a fi okùn kọ́ ọ ní ìwo, òun a sì fi tirẹ̀ mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kí wọ́n lè dá ẹran náà dùbúlẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ yá, sùúrù ni kò ní. Àwọn tó wá ra ẹran a máa dúró wòran, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sì máa ń yìn, torí ìwo ni gbogbo ojú ń wò. Ó ń dùn ún wọra. Ẹ̀gbọ́n a ní, "Àbúrò, ẹsẹ̀ ni kí o máa wò. Tẹ́ ojú okùn sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀, jẹ́ kí ẹran fúnra rẹ̀ kó sí i, kí o tó fà." Òun a ní, "Mo ti gbọ́." Ta ni kì í sọ pé òun ti gbọ́?

Ní ọjọ́ kan wọ́n mú akọ dúdú kan jáde. Okùn ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ ní ìwo, èrò sì hó. Àbúrò gbójú sókè wo àwọn tó ń hó, ó ju okùn tirẹ̀, ó sì fà á kíá. Òfìfo ló fà, ẹsẹ̀ kò tíì wọlé. Akọ màlúù yíjú padà sí ẹni tó dì í mú. Ẹ̀gbọ́n ì bá ju okùn sílẹ̀ kó sá, ṣùgbọ́n ó gbà pé àbúrò òun ti di ẹsẹ̀ ẹran mú lẹ́yìn. Ìwo gún un ní ìbàdí.

Kò kú, àmọ́ kò lè sáré mọ́ láéláé. Àbúrò wólẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n kò bú u. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí fún òun sínú ọgbà, kí àbúrò máa ju okùn, kó má sì fà á títí òun yóò fi ní kó fà. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ló fi ń jù ú láìfà.

Oyèkúnlé, ìwọ ni mò ń bá wí. Wọ́n fi ọ́ ṣe igbákejì olórí ẹgbẹ́ yín. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí o sọ ní ìpàdé àná, àtẹ́wọ́ sì pọ̀, ṣùgbọ́n o kánjú sọ ọ́, o fà á kí ẹsẹ̀ tó wọlé. Olórí yín ló di ìwo mú. Kò ráyè bojú wẹ̀yìn wò ọ́. Ó kàn gbà pé o wà níbẹ̀ ni.