Ẹfúnyẹmí tí ó Mú Ìgànrú La Òkè Ẹfun Kọjá

Ìròyìn tó dé Ìgànrú láàárọ̀ ọjọ́ náà kò gba àlàyé. Lágbógun, akónilẹ́rú, apani-má-yọdà, ọkùnrin tí wọ́n ní bó bá ti la ìlú kan kọjá àkùkọ kò ní kọ níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ti jó ìlú méjì ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì ti kọjú ẹṣin rẹ̀ sí Ìgànrú. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó dé. Iwájú di ogun, ẹ̀yìn sì ni Òkè Ẹfun wà, òkè gbàràmù tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òkúta rẹ̀ funfun báláú, tó mú bí abẹ, tó sì kún fún ihò káàkiri. Òjò a rọ̀ lé e lórí, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, omi ti wọlẹ̀ lọ. Odò Ọ̀sàrà gan-an, tí gbogbo ìlú ń mu, bó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè yìí, inú ihò kan ló ń wọ̀, ojú kì í sì í rí i mọ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ibẹ̀ ni odò náà kú sí. Ilẹ̀ ọlọ́ràá wà ní òdìkejì, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ìyá àti ọmọ gba orí òkúta tí kò ní omi?

Oríṣiríṣi ni mo ti gbọ́ nípa bí wọ́n ṣe kọjá. Àwọn kan ní Ẹfúnyẹmí di ẹyẹ. Àwọn kan ní ó nawọ́ sí òkè, òkè là sí méjì. Irọ́ gbuu! Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, ẹsẹ̀ kan tó dá ṣáṣá àti èkejì tó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ó fò, iṣẹ́ tó ṣe ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi kò sì ní bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ọba pe ìlú jọ. Ọdẹ́jìnmí, Olúọdẹ ìlú, ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ́ tí ń lé ẹtu mú láìta ọfà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀nà ọdẹ wà lórí òkè yìí. Ọjọ́ méjì péré la ó fi já. Ṣùgbọ́n gígùn ni, fífò ni, eré sísá ni. Àwọn arúgbó, àwọn aboyún tó ti wọ oṣù, àti àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n pamọ́ sí abà oko. Bí Elédùmarè bá ṣe é, a ó padà wá kó wọn." Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò padà wá. Kálukú ń ro ìyá tirẹ̀, ojú sì ń ti kálukú láti wo ẹnìkejì.

Obìnrin kan ló dìde láti ẹ̀yìn. Ẹfúnyẹmí ni, awa-ẹfun, ẹni tí ń fi ọ̀pá irin gbẹ́ ẹfun lórí òkè tí ó sì ń tà á fún àwọn tí ń kun ilé. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà, Ọ̀ṣúnbùnmi, ti fọ́jú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti kọ iṣẹ́. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ogún ọdún ni mo ti ń wa ẹfun lókè yìí. Ọdún kejì ni mo já sí ihò, tí ìbàdí mi yẹ̀. Láti ìgbà náà n kò lè gba ọ̀nà ọdẹ mọ́. Àfonífojì ni mo ń tọ̀, láti inú kòtò gbígbẹ kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà náà jìn, ọjọ́ márùn-ún ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí arọ kò lè gbà níbẹ̀. Odò Ọ̀sàrà kò sì kú. Abẹ́ òkúta ló ń rìn, mo mọ ibi mẹ́ta tó ti ń yọjú. Abà oko tí Olúọdẹ ń sọ yẹn, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀: ọjà ẹrú ni. Ìyá tó bí mi kò ní jókòó síbẹ̀ kó máa retí Lágbógun. Bí gbogbo yín bá sá lọ, èmi àti òun yóò rìn ín."

Ẹnu ya ìlú. Ó tún ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹni tó rọra ń rìn jù lọ ni kó máa ṣáájú."

Ọdẹ́jìnmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹfúnyẹmí, ṣé kí ìgbín wá máa ṣáájú àgbọ̀nrín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúọdẹ. Omi ibẹ̀ kò pọ̀. Bí àgbọ̀nrín bá ṣáájú, yóò mu ún tán, ẹrẹ̀ ni ìgbín yóò bá. Bí ìgbín bá ṣáájú, àwọn méjèèjì ni yóò mu."

Ọba ní, "Ìyá tèmi náà wà nínú ilé. Ẹ lọ di ẹrù yín."

Báyìí ni Ìgànrú ṣe gbéra. Ọ̀ṣúnbùnmi afọ́jú ló ṣáájú gbogbo ìlú, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta kó, kó, kó. Ẹfúnyẹmí di apá rẹ̀ mú. Àwọn arúgbó tẹ̀ lé wọn, àwọn aboyún tẹ̀ lé arúgbó, àwọn ọdẹ sì wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń kùn bí oyin. Omi àkọ́kọ́ wà níbi tó sọ ọ́, wọ́n mu ún, ó kárí. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, gbogbo ìlú sì dúró nínú oòrùn títí ó fi bímọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń pòṣé.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọ́n dé ibi omi kejì, àpáta ti ya lulẹ̀, ó ti dí i pa. Ẹ̀kán omi kan kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sunkún láìsí omijé. Ẹnì kan wo ẹ̀yìn, ó rí eruku ẹṣin lókèèrè. Háà! Gbogbo ojú bá yí sí Ẹfúnyẹmí. Ọdẹ́jìnmí wá síwájú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Obìnrin yìí, o ti pa wá. Ẹ̀yin tí ẹ lè sáré, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ọ̀ṣúnbùnmi ló fèsì. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó ní, "Àwẹ̀ró, fi mí sílẹ̀. Mo ti jẹ tèmi láyé. Máa bá wọn lọ."

Ẹ̀rù ba Ẹfúnyẹmí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù kò bà á. Ṣùgbọ́n ó ní, "Yèyé mi, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ dìde. Olúọdẹ, ẹ máa sáré lọ bí ẹ bá fẹ́. Omi kẹta kò sí ní ọ̀nà tiyín. Ibi tí mo ń lọ ni mò ń lọ." Ó gbé ìyá rẹ̀ nàró, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ìlú dúró, ó ń wò wọ́n. Ọba ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn.

Wọn kò tíì rìn ju ìwọ̀n ogójì ilé lọ nínú kòtò gbígbẹ náà tí ohùn ọ̀pá ìyá fi yí padà. Kó, kó, kó, ó wá di bòm̀. Ó dúró gbagidi. "Àwẹ̀ró, ìkòkò ni mo ń gbọ́ níbí." Ó tún kàn án. Bòm̀! Gbogbo ọdẹ ìlú ti fò kọjá irú òkúta bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹni tó fara balẹ̀ pa èèrà ní í rí ìfun inú rẹ̀. Ẹfúnyẹmí gbé ọ̀pá irin rẹ̀, ó gún òkúta títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọwọ́ kan nà wá láti ẹ̀yìn gba irin náà. Ọdẹ́jìnmí ni. Ó ń gún òkúta náà. Òkúta fọ́, wọ́n sì gbọ́ Ọ̀sàrà tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀.

Àwọn arúgbó mu, àwọn ọmọdé mu, àwọn ọdẹ ló mu gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí òkúta pẹlẹbẹ kan dí ẹnu ihò, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó, wọ́n sì lọ. Ọdẹ́jìnmí fi ara pamọ́ sẹ́yìn àpáta láti ṣọ́ ọ̀tá. Ó ní òun rí Lágbógun tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí pátákò rẹ̀ ti fọ́, tó jókòó lé òkúta pẹlẹbẹ náà gan-an, tó ń lá ètè, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n padà nítorí òkè yìí kò ní omi.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìlú bọ́ sí àfonífojì ọlọ́ràá. Wọ́n fi ọ̀kan, ọmọ tuntun náà, lé iye tó gbéra. Ọ̀ṣúnbùnmi ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ìdúródè, nítorí pé wọ́n dúró de ara wọn. Láti ìgbà náà, bí ọdún tí wọ́n fi ń rántí ìrìn náà bá pé, ẹni tó rọra ń rìn jù nílùú ní í ṣáájú, ọba ní í kẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ gbà wọ́n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹni tó ṣáájú pé kó yára.

Nígbà tí ọdún pọ̀, Ọ̀ṣúnbùnmi ti di ará ọ̀run, Ẹfúnyẹmí ti hu ewú. Wọ́n tò fún ìrìn lọ́dún kan, wọ́n wá ẹni tí yóò ṣáájú, wọ́n sì rí ọkùnrin kan tó gbá ọ̀pá méjì mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó fi ara pamọ́ sẹ́yìn èrò. Ọdẹ́jìnmí ni. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ nílé. N ó dá yín dúró." Ẹfúnyẹmí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bá a, ó di apá rẹ̀ mú, ó mú un lọ síwájú gbogbo ìlú. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé.

Ẹfúnyẹmí ní, "Olúọdẹ, ẹ máa rọra. A wà lẹ́yìn yín."