Ìdí Tí Ìyá Àtíòro Fi Ń Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Inú Igi

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ débi pé ọ̀bọ lè ti abúlé kan dé èkejì láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, orí ẹ̀ka gbangba ni àtíòro máa ń yé ẹyin sí. Kì í fara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí igbó ti ń tán lọ ni wọ́n bí Àwẹ̀ró. Ọmọ àtíòro ni, ìyá rẹ̀ sì tálákà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé èso tí àwọn ẹyẹ mìíràn jẹ kù ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gé igi, lọ́dọọdún ni ẹran ń ṣí lọ. Àgbọ̀nrín lọ. Erin ti lọ tipẹ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, ohun kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un: igi arère ńlá kan tó ní ihò lára.

Ẹ má bínú sí àwọn àgbẹ̀ jù. Ebi ń pa àwọn náà, ilẹ̀ iṣu ni wọ́n ń wá. Wọn kì í sì í ṣe olè. Igi tí wọ́n bá bá àálè lára rẹ̀, ì báà ṣe àkísà tàbí ìgbálẹ̀ tó gbó, wọ́n á mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹranko fi ń so àálè mọ́ igi wọn. Ìgbín so ìkarahun, òòrẹ̀ so ẹ̀gún ara rẹ̀, ọ̀bọ so àkísà kan tó ti lò gbó.

Ní ọdún kan tí igi ò so dáadáa, àwọn àgbẹ̀ ní ẹni tó bá tú àálè rẹ̀ yóò gba àgbàdo kún apẹ̀rẹ̀. Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ tú tirẹ̀. Ó jẹ àgbàdo náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wá ń wá ibi tí yóò sùn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, igi sì ń wó.

Àwẹ̀ró ti dàgbà nígbà yẹn, ó sì ti ní ọkọ, ṣùgbọ́n kò ní àálè tí yóò tú, kò sì ní èyí tí yóò so. Ó so ewé, ewé gbẹ, ó bọ́. Ó so ìyẹ́, atẹ́gùn gbé e lọ. Ó lọ tọrọ àkísà lọ́wọ́ ọ̀bọ, ọ̀bọ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń yá àálè lò, pé ohun tí kì í ṣe ti ẹni kò lè bá ẹni ṣọ́ nǹkan. Àwẹ̀ró sunkún délé. Ẹyin ti wà níkùn rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ ìró àáké Ọdẹ́yínká, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Ó ro ọ̀rọ̀ ọ̀bọ títí. Kí ló jẹ́ tirẹ̀ ní ayé yìí? Kò sí, àfi ara rẹ̀. Ló bá nu ojú nù, ó wọ inú ihò arère, ó ní kí ọkọ òun kó ẹrẹ̀ wá láti etí odò, kí ó mọ ẹnu ihò náà pa. Ọkọ rẹ̀ bi í pé báwo ni yóò ṣe máa jẹun. Ó ní kí ó dá ojú kékeré kan sí, ibi tí ẹnu òun lè yọ. Ọkọ ń mọ ọ́n láti ìta, aya ń tẹ́ ẹ láti inú, títí ògiri náà fi le. Lẹ́yìn náà ó tu ìyẹ́ apá rẹ̀, ó fi ṣe ibùsùn fún àwọn ẹyin. Kò lè fò lọ mọ́, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Ọdẹ́yínká dé. Ó yí igi náà po, ó wò ó sókè sódò, kò rí àálè kankan. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé àáké sókè. Ni ẹnu gígùn kan bá yọ lára igi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igi yìí ní àálè."

"Níbo ló wà?"

"Èmi ni."

Ọdẹ́yínká rẹ́rìn-ín, ó sì ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ó ní àálè tí òun mọ̀, ẹni tó so ó á máa bá tirẹ̀ lọ ni. "Ìwọ, bí mo bá gé igi yìí, ṣé o ò ní sá ni?"

"Mi ò ní ìyẹ́ tí màá fi sá mọ́. Àwọn ọmọ mi wà lábẹ́ mi níbí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára, nítorí òun náà fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ó bi í pé kí ni àwọn ọmọ tòun yóò wá jẹ.

"Ẹ dá igi yìí sí, Bàbá. Gbogbo èso tí a bá jẹ, etí oko yín la ó máa sọ kóró rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ yín á rí èso ká, wọ́n á rí igi ṣẹ́."

Ọdẹ́yínká gbé àáké kọ́ èjìká, ó yà sí ibòmíràn.

Òjò rọ̀, kóró hù. Kí àwọn ọmọ Ọdẹ́yínká tó dàgbà, igbó kékeré kan ti yí arère náà po, wọ́n sì ń ká iyeyè níbẹ̀. Ọ̀bọ padà wá, ó dorí kodò, ó ń tọrọ ẹ̀ka kan. Àwẹ̀ró fún un, kò tilẹ̀ bi í léèrè àkísà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín nínú ẹrẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ké jákèjádò igbó. Erin ò tíì dé, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ń fi àyè sílẹ̀ dè é.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá àtíòro ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ inú igi bó bá fẹ́ yé ẹyin, tí ọkọ rẹ̀ sì ń gba ojú ihò gbé oúnjẹ fún un. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ẹnu ẹyẹ tó yọ lára igi, ẹ rọra kọjá. Igi náà ní ẹni tó ni ín, ó sì wà nílé.