Kápẹ́ẹ̀tì Pupa Adégoróyè

Àwọn ará Ìdí-Àgbọn a máa sọ pé, “Ẹni tó ń ṣọ́ kápẹ́ẹ̀tì ló da ọ̀dà sí i.” Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ní irọ́ ni. Báwo ni olùṣọ́ yóò ṣe di apanirun? Kí ẹ tó bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Adégoróyè fún yín.

Adégoróyè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ fún un kó gbà. Òrùlé rẹ̀ ń jò, Morádékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní kó pe kànlékànlé, ó ní ṣé obìnrin ni yóò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kanlé ni. Lọ́jọ́ tí àjà já lu ibùsùn wọn, Morádékẹ́ di ẹrù, ó gba ilé baba rẹ̀ lọ. Baba náà ránṣẹ́ pé: “Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ilé bá ti dára, tí onílé náà sì ti ń gbọ́ràn, èmi fúnra mi ni n ó mú aya rẹ̀ wá fún un.”

Ti ilé nìkan ló wọ Adégoróyè létí. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Ó kan òrùlé, ó kan àjà, ó tún ra kápẹ́ẹ̀tì pupa kan tó nípọn débi pé ó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Kò tíì kun ilé tó fi tẹ́ ẹ sí pálọ̀, nítorí ó fẹ́ kí àdúgbò tètè rí i.

Káṣímù akunlé dé, ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ká kápẹ́ẹ̀tì yìí ná.”

“Kó lè rún? Fi ọ̀rá bò ó.”

“Ọ̀rá ń yọ̀, ọ̀gá. Kíká ló dáa.”

“Ta ló ni ilé?”

Káṣímù fi ọ̀rá bò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Adégoróyè ní ọ̀rá náà ń tẹ irun kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ó ká ọ̀rá, ó fi kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ò kúkú ká òun náà?”

“Wò ó, dúró sórí àkàsọ̀ rẹ. Èmi ni n ó máa gbé ọ̀dà wá bá ọ. Ọwọ́ ara mi nìkan ni mo fọkàn tán.”

Bẹ́ẹ̀ ni onílé di ọmọ iṣẹ́ akunlé. Ó bọ́ bàtà, ó ń rìn bí ẹni tó ń kọjá lára ọmọ tó ń sùn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé garawa ọ̀dà funfun kan dé àárín kápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹnìkan ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” lẹ́nu ọ̀nà. Àna rẹ̀ ni, Morádékẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà ọkùnrin náà kò dúró de Àbámẹ́ta, torí ó mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti gbá de àlejò kì í sọ òótọ́.

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í rí àna kó dúró gbagidi. Kí Adégoróyè tó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, garawa náà bá a dọ̀bálẹ̀. Ọ̀dà ṣàn títí dé ẹsẹ̀ àna rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè dìde.

Baba kọjú sí Káṣímù. “Ìwọ akunlé, ṣé o ò mọ̀ pé kíká là ń ká kápẹ́ẹ̀tì ká tó kunlé ni?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́, Bàbá.”

Baba wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bíi ti òbúkọ arúgbó. Ìbínú ló gbé wá, ẹ̀rín ló pa á.

“Olówó orí mi,” ó ní, “ẹ ká a.”

Adégoróyè dìde, ó ká a. Kò béèrè ta ló ni ilé. Ó wọ́ kápẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn adìẹ ti ń sùn lé e lórí dòní.

Baba sọ ẹrù ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí símẹ́ńtì lásán. “Ilé kò tíì dára,” ó ní, “ṣùgbọ́n onílé ti ń gbọ́ràn.”

Káṣímù ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sígboro. Adégoróyè alára ń pa á lówe báyìí, pàápàá bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nítòsí: ẹni tó ń ṣọ́ kápẹ́ẹ̀tì ló da ọ̀dà sí i.